Màmá fẹ́ rìn lórí òkè Alps, orúnkún sì ń dùn wọ́n: apá ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Munich ní Jámánì ni mò ń gbé. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìdànrè lóṣù kẹsàn-án, ọmọ ọdún 64 ni wọ́n. Wọ́n ti rí àwòrán òkè tí yìnyín wà lórí rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara àwọn dé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan júwe ìrìn kan fún mi ní Garmisch-Partenkirchen: ká gba Wamberg gòkè dé Eckbauer, ká sọ̀ sí Graseck, ká wá gba inú ọ̀gbun odò Partnach jáde. Ó ní ìrìn wákàtí mẹ́rin ni, pé kò le rárá. Èémí màmá dára, dókítà sì ti yẹ̀ wọ́n wò. Àmọ́ orúnkún ọ̀tún máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ṣé ìrìn yìí kò ní pọ̀ jù fún wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìmúra láti gba màmá lálejò, Ọlọ́run yóò gbé wọn dé láyọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ fún ọ. Ìrìn yẹn wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù lọ ní gbogbo apá òkè Alps tó wà ní Jámánì. Ilétò wà níbẹ̀, pápá wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀, ọ̀gbun odò náà sì wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ibi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rá pálá. Ibi tí ẹnu èmi àti ọ̀rẹ́ rẹ kò ti kò ni ibi tó ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí orúnkún màmá, ẹ yí ìrìn náà padà. Inú ọ̀gbun odò ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ láàárọ̀, kí ẹ gba Graseck gun òkè lọ sí Eckbauer, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ orí okùn, àpótí tí okùn irin ń fà lójú ọ̀run, bọ̀ sílẹ̀. Kí màmá fi ẹsẹ̀ gòkè, kí ẹ̀rọ gbé wọn sọ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú èèyàn rìn lórí àwọn òkè wọ̀nyí, ìgbà kan sì wà tí mo kó àwọn ìyá ìjọ kan lọ sí ibẹ̀, tí èmi fúnra mi rò pé gígùn òkè ló ń dá àgbà lágara. Mo ní kí á wọ ọkọ̀ orí okùn gòkè, kí á máa sọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, orin la ń kọ. Nígbà tó yá, ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n yí ẹ̀yìn pa dà, wọ́n di èjìká mi méjèèjì mú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn, mò ń fi ojú mi ṣe ojú fún wọn. Wákàtí méjì gbáko la fi rin ibi tí kò yẹ kó gbà ju wákàtí kan lọ. Wọn ò sunkún, wọn ò sì bá mi wí, èyí tó dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí ẹni tí orúnkún ń dùn fi ẹsẹ̀ sọ̀ bí ọ̀nà mìíràn bá wà.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòroó yé èèyàn. Bí a bá ń gòkè, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Bó bá rẹ̀ wá, a ó dúró, a ó mí, agbára á tún padà. Bí a bá ń sọ̀, iṣan itan ni bíréèkì. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀, iṣan yẹn ló ń dá ìwúwo ara dúró, orúnkún ló sì ń gbà á. Dídúró sinmi kò fi bẹ́ẹ̀ tán ìrora tirẹ̀. Màmá tó dàgbà sí Ìdànrè kò nílò kí èmi ṣe àlàyé èyí fún wọn. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gun òkè lọ sí ìlú àtijọ́ wọn. Bi wọ́n léèrè, wọ́n á sọ fún ọ pé ìgbà gígùn lèèyàn ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìgbà sísọ̀ lẹsẹ̀ ń gbọ̀n.

Ti gíga òkè náà, má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Ìlú Garmisch-Partenkirchen wà ní nǹkan bíi mítà 700 sókè ìpele òkun, orí Eckbauer sì jẹ́ mítà 1,237. Bí Jọ́ọ̀sì ṣe ga náà ló ga. Àìsàn orí fífọ́ àti èébì tí òkè gíga ń fà kì í sáábà bẹ̀rẹ̀ títí èèyàn yóò fi tó mítà 2,500.

Ibi tí ẹ ó ti gbéra ni pápá ìṣeré Olympic tí wọ́n ti ń fò lórí yìnyín, èyí tí wọ́n lò fún ìdíje Olympic ìgbà òtútù ní 1936. Ẹ kò lè ṣì í mọ̀, ibi gíga tí wọ́n kọ́ fún fífò náà ga ju gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ibùdókọ̀ orí okùn tí yóò gbé yín sọ̀ nígbẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà ibi tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ náà lẹ ó parí sí. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀gbun, ọ̀nà tó tẹ́jú ni, bíi kìlómítà méjì, odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin máa ń dúró gba èrò níwájú pápá ìṣeré náà. Ẹ jẹ́ kí màmá wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé wọn ò lè rìn ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fi pamọ́ níbí, òkè ni wọn yóò ti ná an.

Ẹ ó san owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀gbun, ẹ ó sì wọlé. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀ ní Klamm: odò tó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún gé òkúta títí ó fi di ọ̀nà tóóró tó jìn. Ti Partnach yìí gùn tó nǹkan bíi mítà 700, ògiri òkúta rẹ̀ sì ga ju mítà 80 lọ níbòmíràn. Inú òkúta gan-an ni wọ́n gbẹ́ ọ̀nà sí. Níbì kan, àjà rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni gíga gbọ́dọ̀ tẹrí ba, níbòmíràn ẹ ó wọ ihò tó ṣókùnkùn, ẹ ó tún yọ síbi tí omi ti ń já bọ́ láti òkè bí okùn fàdákà. Okùn irin wà lápá ibi odò tí ẹ ó máa dì mú. Ariwo omi yẹn pọ̀ débi pé bí o bá fẹ́ bá màmá sọ̀rọ̀, etí wọn ni wàá fi ẹnu sí. Òtútù rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìta, àní nínú ẹ̀rùn. Ẹ wo àwọ̀ omi náà dáadáa: aláwọ̀ ewé ni níbi tó ti jìn, ó sì funfun bí omi ògì níbi tó bá ti kọlu òkúta.

Mo máa ń dá àwọn èèyàn dúró ní àárín ibẹ̀ kí n tó sọ ohun tí ọ̀nà yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe afẹ́ ló kọ́kọ́ mú èèyàn wọ inú rẹ̀. Igi ni. Àwọn agégi tó wà lókè máa ń ju ìtì igi sódò kí omi lè gbé e wá sí ìlú, torí kò sí ọ̀nà tí wọn ì bá fi fà á gba orí òkè. Bí ìtì igi bá há, ọkùnrin kan ni wọn yóò fi okùn sọ̀ sínú ọ̀gbun yẹn láti tú u. Ẹ̀mí ń bọ́ níbẹ̀. Ní 1912 ni wọ́n kéde ọ̀gbun náà ní ohun àjogúnbá ìṣẹ̀dá tí òfin dáàbò bò, láyé ìgbà náà sì ni wọ́n ṣe ọ̀nà rẹ̀ kí àlejò lè máa gbà á. Síbẹ̀, iṣẹ́ igi ṣì ń lọ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Mo fẹ́ kí màmá mọ èyí, kí wọ́n tó di okùn irin yẹn mú.

Ní apá ìparí ọ̀gbun, ẹ ó rí òkúta rẹpẹtẹ tó wó dí odò. Ní 1991 ni apá òkè kan ya lulẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó di ọ̀nà, wọ́n sì ní láti gbẹ́ ihò tuntun gba inú àpáta kọjá. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé bí wọ́n bá ti ọ̀gbun náà pa lọ́jọ́ tí ẹ dé, ẹ má bínú, ẹ má sì wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí òjò bá rọ̀ púpọ̀ tàbí bí yìnyín bá ń yọ́ nígbà ìrúwé, wọ́n máa ń tì í, ìdí rẹ̀ sì wà. Wo ìkéde wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin.

Bí ẹ bá ti jáde, ẹnu á yà yín. Ògiri òkúta á kàn parí lójijì, ilẹ̀ á tẹ́, oòrùn á tàn. Òkúta ẹfun líle ni odò là kọjá nínú ọ̀gbun, ìyẹn ló jẹ́ kó há. Òkúta tó wà lókè rẹ̀ rọ̀, omi sì ti fọ̀ ọ́ gbòòrò. Etí odò níbẹ̀ kún fún òkúta wẹ́wẹ́ funfun. Ẹ jókòó. Kí màmá ti ọwọ́ bọ omi náà, wọ́n á yára yọ ọ́. Omi yìí ń ti orí òkè Zugspitze wá, òkè tó ga jù ní gbogbo Jámánì, mítà 2,962, níbi tí yìnyín àtijọ́ ṣì wà díẹ̀. Ó dùn mí láti sọ pé díẹ̀ gan-an ló kù. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Bavaria, ìpínlẹ̀ tí Munich wà, kéde pé ọ̀kan nínú wọn, Südlicher Schneeferner, ti yọ́ débi pé wọn kò lè pè é ní odò yìnyín mọ́, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń rọra ṣàn. Torí náà, jẹ́ kí màmá mọ̀ ṣáájú pé ẹsẹ̀ wọn kò ní kan yìnyín lórí ìrìn yìí lóṣù kẹsàn-án. Ojú wọn lè rí i lókèèrè, ọwọ́ wọn sì kan omi rẹ̀.

Etí odò yìí ni ibi ìpinnu. Bi màmá léèrè bí orúnkún ṣe rí, kí o sì wo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn, torí àwọn ìyá wa á ní "kò sí nǹkan kan" títí wọn ó fi ṣubú. Bí ó bá ti ń wú tàbí tó ti ń gbóná, ẹ padà gba inú ọ̀gbun. Ọ̀nà náà kò fi bẹ́ẹ̀ dagẹ̀ẹ́rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ó ti rí ohun tó dára jù lọ nínú ìrìn yẹn. Bí ó bá wà dáadáa, ẹ tẹ̀ síwájú. Pátákó yẹ́lò ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n kọ Graseck àti Eckbauer sí, ní apá òsì yín.

Láti ibẹ̀ dé òkè jẹ́ bíi mítà 400 ní gígùn sókè, apá tó ga jù sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti nínú igbó. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi wákàtí kan ààbọ̀ rìn ín. Ẹ̀yin ẹ fi wákàtí mẹ́ta sí i, kí ẹ má wo aago. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ìrìn àgbà ni ìtàn: bí màmá bá lè máa sọ ìtàn fún ọ bí wọ́n ṣe ń gòkè, ìrìn náà bá wọn mu. Bí ìtàn bá dákẹ́, ẹ ti ń yára jù.

Graseck kì í ṣe ìlú. Ilétò ni, ilé díẹ̀ níbí, ilé díẹ̀ lọ́hùn-ún, pápá ló là wọ́n láàárín: Vordergraseck, Mittergraseck, Hintergraseck, ìyẹn ti iwájú, ti àárín àti ti ẹ̀yìn. Ilé onígi ni wọ́n, igi ìdáná tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri létòlétò bí ìwé inú àpótí, òdòdó pupa sì ń ṣẹ́ yọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá pàdé yóò kí yín: "Grüß Gott", kí Ọlọ́run kí ọ. Ní Munich, èèyàn lè jókòó ti èèyàn nínú ọkọ̀ fún odindi wákàtí láì sọ nǹkan kan. Lórí òkè, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kíra. Kọ́ màmá ní ọ̀rọ̀ méjì yẹn kí ẹ tó kúrò nílé, wọ́n á gbádùn rẹ̀ gan-an. Ìyá kan tí mo mú lọ máa ń fi "ẹ kú ìrìn o" dáhùn, kò sì sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn.

Màlúù wà nínú pápá, agogo lọ́rùn wọn. Ilẹ̀kùn ọgbà tí ẹ bá ṣí, ẹ tì í. Bí ẹ bá rí màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ yà fún un, kí ẹ má ṣe súnmọ́ ọn nítorí fọ́tò. Ẹ má sì jókòó sínú koríko gíga. Eégbọn pọ̀ níbẹ̀, àìsàn tí wọ́n ń gbé kiri ní Bavaria kì í ṣe eré. Lálẹ́, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ apá àti ìbàdí wò, kí ẹ fi ohun tín-ín-rín fa èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara jáde kíákíá.

Lẹ́yìn pápá ni igbó, ọ̀nà á wá máa yí sí ọ̀tún, á yí sí òsì. Níbí ni ọ̀pá ìrìn méjì ti wúlò, kí ara má baà dá gbogbo ìwúwo lé ẹsẹ̀. Kí ìṣísẹ̀ kúrú. Kí màmá fi ẹsẹ̀ òsì, èyí tó dáa, gun ibi tó bá ga, kí ti ọ̀tún tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sì bọ́ sí gbangba lórí Eckbauer, ẹ ó rí gbogbo ògiri òkè Wetterstein lójú kan, Alpspitze tó ga tó mítà 2,628 yọ ṣóńṣó láàárín wọn. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè Kaiserschmarrn: ẹyin, wàrà àti ìyẹ̀fun tí wọ́n dín, tí wọ́n fà ya wẹ́wẹ́, tí wọ́n wọ́n ṣúgà sí, tí wọ́n sì fi èso sísè tì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀kan á tó ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ mú owó beba dání.

Wamberg tí ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ kí ẹ gbà ńkọ́? Ẹ fi í sí ọjọ́ mìíràn, kí ẹ má sì fò ó. Ilétò kékeré ni, ó wà ní mítà 996, wọ́n sì máa ń sọ pé nínú àwọn abúlé tó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Jámánì, òun ló wà níbi tó ga jù. Ti Anna Mímọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ láti Partenkirchen jẹ́ gígòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bíi mítà 300, ẹ sì lè tún gba ibẹ̀ gun Eckbauer, kí ọkọ̀ orí okùn kan náà gbé yín sọ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gbun bá wà ní títì pa gan-an ni kí ẹ rin ọ̀nà yìí.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó tètè gbéra ní Munich, kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì Bayern, èyí tí èèyàn fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní gbogbo Bavaria fún ọjọ́ kan, kò ṣiṣẹ́ ṣáájú aago mẹ́sàn-án láàárín ọ̀sẹ̀, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ láti òru lópin ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ tèmi, màá san owó díẹ̀ lé e, kí n lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, torí èrò kì í jẹ́ kí èèyàn gbádùn ọ̀gbun yẹn lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹ bá wọ inú rẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹ ó ti dé Eckbauer kí àrá ọ̀sán tó máa sán. Bàtà tó ní eyín lábẹ́ ni kí màmá wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Bí wọ́n bá ní ìró làwọn fẹ́ ró, kí wọ́n ró o dé agbede-méjì ojúgun, kí wọ́n sì wọ ṣòkòtò sí abẹ́ rẹ̀. Aṣọ òjò ni kí ẹ mú wọ ọ̀gbun, ẹ má mú agbòjò, ọ̀nà náà tóóró. Kí o tún wo ìwé adójútòfò ìlera tí wọ́n fi gba físà, bóyá ó kan gbígbé èèyàn kúrò lórí òkè. Nọ́ńbà tí ẹ ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni 112.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ orí okùn ló kù. Àpótí kékeré ni, èèyàn méjì ló ń gbà, torí náà ìwọ àti màmá lẹ ó jọ wọ̀ ọ́. Irú ọkọ̀ yìí kì í sáábà dúró pátápátá, ńṣe ló máa ń fà lọ ní pẹ̀lẹ́ bí èrò bá ń wọlé. Kí ẹ tó dé ibi ìwọkọ̀, lọ bá òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, fi orúnkún màmá hàn án, kí o ní kó dín eré rẹ̀ kù. Jẹ́ kí màmá kọ́kọ́ wọlé, kí wọ́n fi ìdí jókòó kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, kí ìwọ wá tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àwọn ọ̀pá ìrìn lọ́wọ́ rẹ. Ní ìsàlẹ̀, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kí o na ọwọ́ sí wọn.